Gáùn Àrán Tí Jemima Kò Wọ̀

Ẹni tó bá ń ta òkìríkà lórí fóònù, ojú èèyàn ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ojú bá ń wò ó, á yó. Bí ojú bá kúrò lára rẹ̀, àfi kó jókòó ti aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Fọláṣẹwà, tíṣà kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé kan ní Ìkirè, mọ èyí dunjú. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jẹ́ pé bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á wọ gáùn kan, á dúró síwájú ògiri funfun pálọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Olúwanífẹ́mi á sì ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò á gun orí sítátọ́ọ̀sì Wasáàpù. Kí wọ́n tó jẹun alẹ́ tán, gáùn ti rí ẹni tó máa rà á.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń rí kún owó ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Nífẹ́mi wọ̀ lẹ́yìn náà. Òun nìkan ni wọ́n bí. Dúrótìmí, ọkọ Fọláṣẹwà, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni, owó oṣù akọ̀wé kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá ni ojú ṣí lọ. Ọ̀dọ̀ Jemima ló ṣí lọ, obìnrin Aládùúrà kan ní Àpòmù, tí òun àti Fọláṣẹwà ti jọ máa ń ra béèlì aṣọ kan náà pín. Jemima ga, ọrùn rẹ̀ gùn, àkísà pàápàá ń bá ara rẹ̀ mu. Ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn oníbàárà sì dìde tẹ̀ lé e. Irínwó èèyàn ló máa ń wo sítátọ́ọ̀sì Fọláṣẹwà tẹ́lẹ̀. Ó di ọgbọ̀n, ìdajì wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí tó ń wò tí kì í rà. Inú bí i débi pé ó búlọ́ọ̀kì Jemima pátápátá lórí fóònù, kó má baà máa rí ohun tó ń dùn ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni okùn ti kọ́ ọ lọ́rùn.

*

Ọ̀sán gangan ló lọ sí Ìkòyí, ìlú kékeré tó wà nítòsí Àpòmù. Bàbá Hámzàt, alágbàfọ̀ àtijọ́, wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó dá wà lẹ́yìn oko kòkó. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò títí dòní. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ fún un, áyọ́ọ̀nù náà kò tíì tutù rí.

Fọláṣẹwà tẹ́ gáùn kan síwájú rẹ̀. Gáùn àrán aláwọ̀ ewé ni, èyí tó dára jù nínú gbogbo ọjà rẹ̀. Kò tíì wọ̀ ọ́ rí.

"Kí lo fẹ́ kó ṣe é?" Bàbá náà bèèrè. Kò bèèrè ta ni.

"Kí ojú kúrò lára rẹ̀, Bàbá. Bí ó ṣe mú ojú kúrò lára tèmi."

"Kó kú?"

"Háà! Rárá o! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Hámzàt rẹ́rìn-ín débi tí ikọ́ fi mú un. Ó bu nǹkan dúdú kan nínú igo, ó wọ́n ọn sára gáùn, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Èéfín tó jáde kò rùn bí aṣọ. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Bó ṣe ń lọ̀ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ojú ayé á máa fò ó. Etí ayé á máa fò ó. Bó bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àfi ẹni tó bá ti fọwọ́ kan aṣọ yìí láì wọ̀ ọ́ ló máa rí i, irú èmi àti ìwọ báyìí."

"Ṣé ó ní ẹ̀rọ̀?"

"Kí ẹlòmíràn fínnú-fíndọ̀ wọ̀ ọ́. Ìyẹn á gbé ẹrù náà, ti àkọ́kọ́ á sì lómìnira. Iná kò lè jó o. Omi kò lè fọ̀ ọ́." Ó dá áyọ́ọ̀nù dúró. "Ó ku ẹnu. Lọ́jọ́ tí ẹnu rẹ bá sọ ohun tá a ṣe níbí fún ẹ̀dá kan, á padà sára ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, á sì di awọ ara rẹ̀ títí ayé. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó fa àpò rẹ̀ jáde láti sanwó. Bàbá náà mi orí, ó ní kó fi owó rẹ̀ sápò, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á gba tòun. Fọláṣẹwà fẹ́ fi gáùn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ tó dákẹ́ bí itẹ́ òkú, ó sì gbé gáùn náà.

*

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí béèlì lọ́jà Àpòmù, ariwo rẹ̀ á dé ojú títì. Maimunah tó ni béèlì á gé okùn, aṣọ á ya sílẹ̀, gbogbo obìnrin á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀ láti ṣà. Ẹni tó bá yára ló máa ń mú ojúlówó. Nínú ìjàgùdù yìí ni Fọláṣẹwà ti yọ gáùn àrán náà nínú báàgì rẹ̀, ó sì tì í sábẹ́ ọwọ́ Jemima gan-an.

Jemima wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán ló sì wà. Fọláṣẹwà rí i. Ọmọ Áńgílíkà ni òun, kò mọ àṣà Aládùúrà, ó rò pé ìsìn àárọ̀ ni obìnrin náà ti ń bọ̀.

"Ìyá Nífẹ́mi!" Jemima dì mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀. "O pa mí tì o. Mi ò rí ẹ mọ́ lórí fóònù. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Iṣẹ́ ni."

"Mo lá àlá ẹ lọ́jọ́ kan. O gbé aṣọ kan lé mi lọ́wọ́, aṣọ náà ò lọ́rùn. Mo sọ fún wòlíì wa, wọ́n wá gbé ààwẹ̀ lé mi lórí. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o."

"Àmín," ni Fọláṣẹwà sọ.

Ọwọ́ Jemima kọjá lórí gáùn náà. Ó padà. Ó fà á yọ, ó gbé e sókè sínú oòrùn. "Háà! Èyí mà dára o!" Ó ká a sínú báàgì rẹ̀. Bí Fọláṣẹwà ṣe ń wọ ọkọ̀ padà sí Ìkirè, inú rẹ̀ dùn, ká má purọ́. Ó mọ̀ pé Jemima kì í ta gáùn kankan láì jẹ́ pé ó wọ̀ ọ́ ya fọ́tò.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ààwẹ̀ yẹn, pé sùtánà funfun nìkan ni Jemima gbọ́dọ̀ fi bora títí yóò fi pé. Bí obìnrin náà ṣe délé, ó fi gáùn kọ́ ojú fèrèsé, ó ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gbé e síta. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ ló rí i. Fọláṣẹwà nìkan ni kò rí i, torí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Àwọn tó ń wo sítátọ́ọ̀sì Fọláṣẹwà gùn dé ọgọ́ta. Ó ń kọrin nínú ilé. Ó ní oògùn ti ń jẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, fọ́tò kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Nífẹ́mi. Ọmọ náà ya ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ wo gáùn ọjọ́ ìbí mi!"

Gáùn àrán ni. Aláwọ̀ ewé.

Fọláṣẹwà pè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ta ló tà á fún ẹ? Nífẹ́mi, ta ló tà á fún ẹ?"

"Goodness ni, rúùmùméètì mi. Kì í ra ọjà sílẹ̀, ó kàn máa ń gbé fọ́tò àwọn tó ń tà sórí sítátọ́ọ̀sì ẹ̀, á fi èlé tiẹ̀ lé e. Ẹni tó ni í gan-an ní Àpòmù ló ti dì í sínú ọ̀rá, ó fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má bínú pé mi ò rà á lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ kó yà yín lẹ́nu ni." Ohùn ọmọ náà yí padà. "Mọ́mì, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ o. Láti ìgbà tí mo ti wọ̀ ọ́, Goodness ò dá mi lóhùn mọ́. Mo ń pè é, ó ń wò mí kọjá. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Fọláṣẹwà gbé fóònù lọ bá ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. "Bàbá Nífẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ yín."

Dúrótìmí wọ awò ojú. Ó wo fọ́tò náà títí. "Kí ni kí n wò? Bẹ́ẹ̀dì ni mo rí, àti dígí."

*

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì Nífẹ́mi. Olùkọ́ pe orúkọ, ó dáhùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò wá. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ń bọ̀ wálé.

Fọláṣẹwà lọ dúró dè é lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, níbi tí àwọn onídòdò Ìkirè ń patẹ sí. Ọkọ̀ já èrò mìíràn sílẹ̀ ní òdìkejì, ọmọ náà bá wọn sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́bà kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò mọ̀ pé òun gbé e. Nífẹ́mi dúró síwájú onídòdò kan níbẹ̀, ó na owó sí i. Ebi ń pa á. Obìnrin náà ń polówó dòdò rẹ̀ lójú ọmọ náà gan-an, kò sì gba owó. Nífẹ́mi sunkún, ó kọjú sí títì, ó fẹ́ sọdá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Tírélà kan ń bọ̀. Kò fọn fèrè. Kò dẹ eré.

"Nífẹ́mi! Sá!"

Ọmọ náà fò sẹ́yìn sínú gọ́tà. Afẹ́fẹ́ tírélà ya ìborùn rẹ̀ lọ. Dírẹ́bà kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, kí ló fẹ́ bojú wò fún? Fọláṣẹwà já sójú títì bí wèrè, ó lọ fà á jáde, orúnkún ọmọ náà méjèèjì ti bó.

"Ìyá, ẹ rọra o!" onídòdò náà kígbe. "Kí lẹ ń wá nínú gọ́tà?"

"Ọmọ mi ni!"

Obìnrin náà wo inú gọ́tà, ó wo Fọláṣẹwà, àánú sì ṣe é. "Ọmọ wo, Ìyá?"

*

Ọjọ́ mẹ́ta ni Nífẹ́mi fi jókòó síwájú bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì, tí bàbá rẹ̀ ń jẹun, tó ń kùn pé ọmọ òun kò pe òun mọ́. Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà jókòó lé e lẹ́sẹ̀ lórí àga. Ọmọ náà ké, ó gbá tábìlì, ó pe "Dádì" títí ohùn fi há.

"Mọ́mì, kí ni mo ṣe?" ó bi ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ rí mi. Ẹ sọ fún mi, kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ náà gòkè dé eyín Fọláṣẹwà. Ó rántí ìkìlọ̀ tí Bàbá Hámzàt dá áyọ́ọ̀nù dúró ṣe, ó gbé e mì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, tirẹ̀ sì máa fọ́ lórí ọmọ yìí. Ó ní, "Mi ò mọ̀, ọkọ mi." Kò tíì pa irọ́ tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó sáré lọ sí Ìkòyí. Bàbá Hámzàt ń lọ aṣọ, Fọláṣẹwà bẹ̀ ẹ́, ó kúnlẹ̀, ó sunkún.

"Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán," ni bàbá náà wí. "Ta ló máa wọ̀ ọ́?"

*

Ta ló máa wọ̀ ọ́? Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín.

Fọláṣẹwà yọ gáùn náà nínú ẹrù Nífẹ́mi, ó gbé e kọ́ ara ògiri funfun. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: gáùn àrán, ojúlówó, ẹni tó bá tètè wá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àjèjì kan ni yóò rà á, ẹnì kan ní ọ̀nà jíjìn, tí òun kò ní mọ ojú rẹ̀ láé. Ó tẹ̀ ẹ́ síta. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí fóònù fi dún.

"Ẹ kú ọjà, Tíṣà. Ìyá Ọlámijù ni, ọmọ kíláàsì yín. Ẹ bá mi fi gáùn yẹn pamọ́ o. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ fi ṣe ìdúpẹ́ ọmọ tuntun wa."

Fọláṣẹwà mọ ọmọ tuntun náà. Ó ti gbé e rí. Ó rò ó bí yóò ṣe rí, ọmọ-ọwọ́ tí ń sunkún, ìyá rẹ̀ dúró lórí rẹ̀ tó ń pè é, kò sì rí ìyá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa fọ́tò náà rẹ́, ó kọ̀wé pé, "Ẹ má bínú, ó ti tà."

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Ó bọ́ aṣọ ara rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Gáùn náà gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí.

Láti pálọ̀, ó gbọ́ ariwo Dúrótìmí. "Nífẹ́mi! Ìgbà wo lo dé? Kí ló ṣe ẹ́ lórúnkún?"

"Dádì! Dádì, ẹ rí mi?"

Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń sáré bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Nífẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹkún àti ẹ̀rín dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Mọ́mì, Dádì ti rí mi!" Ojú rẹ̀ yí yàrá ká. Ó kọjá lára ìyá rẹ̀ bó ṣe kọjá lára wọ́dúróòbù. "Mọ́mì?"

"Èmi rèé, ọkọ mi. Mo wà níbí."

Nífẹ́mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó padà lọ sí pálọ̀. "Dádì, ibo ni Mọ́mì lọ?"

*

Wọ́n wá a. Wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì. Nífẹ́mi fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ síta pé a ń wá a, ó sì ṣí gbogbo èyí tó ti yà fún un ní ọdún mẹ́ta yẹn, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò. Ògiri funfun ló ń rí. Ó ń ṣí wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ògiri, ògiri, ògiri, Fọláṣẹwà sì dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ara rẹ̀ nínú wọn.

Ó ń gbé inú ilé rẹ̀ bí eku. Ó ń jẹ oúnjẹ tó kù. Ó kọ́ bí a ṣe ń sọdá títì lẹ́yìn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí Àpòmù, níbi tí Maimunah ti ń gé okùn béèlì. Àwọn obìnrin ń ṣà, wọ́n ń kọlù ú, wọ́n ń ti ọwọ́ rẹ̀ dànù láì mọ̀ pé ọwọ́ ni.

"Ìyá Nífẹ́mi!"

Gbogbo ara rẹ̀ dúró. Jemima ni. Ààwẹ̀ rẹ̀ ti pé, ó wọ àǹkárá, ó sì ń wò ó lójú kòrókòró. Lára gbogbo àwọn tó wà lọ́jà náà, òun nìkan ló fọwọ́ kan gáùn yẹn tí kò sì wọ̀ ọ́.

"Ibo lo wà? Ọmọ ẹ ń wá ẹ kiri o! Ó wá sọ́dọ̀ mi, òun àti bàbá ẹ̀." Jemima di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ọwọ́ èèyàn. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan Fọláṣẹwà. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Háà. Gáùn tí mo tà yẹn rèé lára ẹ. Ta ló ṣe ẹ́ báyìí? Wòlíì ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ́ kan wà lára aṣọ kan. Wọ́n ní àdúrà á já a, kò ní lè ṣe kó má já, bí ẹni tó mọ̀dí ẹ̀ bá ti lè la ẹnu jẹ́wọ́. Ẹnu nìkan ló kù. Sọ fún mi, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò ní bínú."

Ṣé ti wòlíì ni òótọ́, tàbí ti alágbàfọ̀? Èwo nínú méjèèjì ló lágbára? Bí wòlíì bá ṣòótọ́, ọ̀rọ̀ kan péré, á tún di èèyàn. Bí Hámzàt bá ṣòótọ́ ńkọ́? Ara Nífẹ́mi ni yóò padà sí, títí ayé.

"Ọmọ ẹ ń gbìyànjú ṣá," Jemima ń bá a lọ, ó fẹ́ fi ìyẹn tù ú nínú. "Wọ́n ti gbà á padà nílé-ìwé. Òun ló ń bá ẹ ta aṣọ báyìí. Ó ń wọ̀ wọ́n fúnra ẹ̀, ó ń ya fọ́tò. Mo bá a gbé e síta. Irínwó èèyàn ló wò ó lánàá."

Fọláṣẹwà la ẹnu. Jemima súnmọ́ ọn láti gbọ́.

Ó pa á dé. Ó mi orí. Jemima dúró, kò ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń ṣà aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo Jemima, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tó mú obìnrin náà tó fi ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ó dáa," Jemima wí. "Ọjà mìíràn tún ń bọ̀. Màá máa wá."

Ó sì ń wá lóòótọ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ń bi í ní ìbéèrè kan náà, gbogbo ọjọ́ ọjà sì ni Fọláṣẹwà ń fi eyín di ètè rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ.